Ìbọn wo, ọta wo? Fún àbúrò tó fẹ́ lọ dọdẹ elk ní Colorado

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aurora ní Colorado ni mò ń gbé, mo sì ti gba green card. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìgbòho, ṣakabùlà ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Mo fẹ́ lọ dọdẹ elk, irú àgbọ̀nrín ńlá tó wà níbí, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù kẹwàá tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní .300 Winchester Magnum ni kí n rà, pé ohunkóhun tó bá kéré sí i, eré ni mo ń ṣe. Ẹlòmíràn ní 6.5 Creedmoor ti tó. Ìbọn wo ni kí n rà, ọta wo ni kí n kó sínú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan náà ń bọ̀ wá kí wa láti Nàìjíríà lásìkò yẹn, wọ́n sì fẹ́ bá mi lọ sígbó. Ṣé wọ́n lè mú ìbọn dání?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì ra .300 Winchester Magnum. Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ pé ó ń pa elk, ó ń pa á dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbọn tí èèyàn máa fi kọ́ iṣẹ́ kò yẹ kó jẹ́ èyí tí èjìká á máa sá fún. Tó bá jẹ́ ìdáhùn kúkúrú lo fẹ́, kí o lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ lọ́la, òun nìyí: ra ìbọn bolt-action, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ fa irin rẹ̀ kí kátírììjì tuntun tó wọlé, tó ń yin .30-06 Springfield tàbí .308 Winchester (orúkọ irú kátírììjì tí ìbọn ń yìn ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí), ra ọta tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹran ńlá, má yìnbọn sí elk tó bá jìnnà ju 300 yáàdì lọ, kí o sì fi owó tó bá ṣẹ́kù ra kátírììjì tí wàá máa fi ṣe ìdánrawò títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, jókòó.

Ẹran náà fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Àgbọ̀nrín tí bàbá rẹ ń pa ní Ìgbòho kì í sábà wúwo ju 70 kílò lọ. Akọ elk tó ti dàgbà a máa tó 320 kílò, abo rẹ̀ a máa tó 225. Ẹfọ̀n inú igbó ẹgàn ló yẹ kí o fi sọ́kàn nígbà tí o bá ń rò ó, kì í ṣe àgbọ̀nrín. Awọ rẹ̀ nípọn, eegun apá rẹ̀ le, ẹran èjìká rẹ̀ sì ki. Ẹ̀dọ̀ fóóró méjèèjì àti ọkàn ni ibi tí a ń yìn. Ẹ̀yìn apá iwájú ni wọ́n wà, ibẹ̀ sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, nítorí náà ibi tí a ń fojú sùn kò kéré rárá. Ohun tó ṣòro ni kí ọta dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbára nígbà tí ẹran náà bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí ọ lọ́nà tó wọ́, tí èjìká sì wà láàárín ọ̀nà. Elk tí ọta bá gba ẹ̀dọ̀ fóóró rẹ̀ méjèèjì kì í lọ jìnnà. Èyí tí ọta bá bà ní ikùn lè gun òkè kan, kó sọ òmíràn, kó wá kú síbi tí igúnnugún nìkan á ti rí i.

Òfin ti sọ èyí tó kéré jù. Colorado Parks and Wildlife ni wọ́n ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì ní ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kéré sí .24, ìyẹn mílímítà 6, ọ̀pá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrú ju íǹṣì 16 lọ. Fún elk, ọta gbọ́dọ̀ wúwo tó 85 grain ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí orí rẹ̀ ń là bó bá wọ ara ẹran, agbára rẹ̀ ní 100 yáàdì sì gbọ́dọ̀ tó 1,000 foot-pound gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é bá ṣe kọ ọ́. Grain yìí ni wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù níbí, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ìbọn .243 bá gbogbo èyí mu, àwọn tó mọṣẹ́ dunjú sì ti fi pa elk. Mi ò ní fi lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Kátírììjì tó kún fún ọta wẹ́wẹ́, irú èyí tí a ń kó sínú double-barrel nílé, èèwọ̀ ni fún elk. Òfin gba shotgun láàyè, ṣùgbọ́n ọta ẹyọ kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà nínú kátírììjì rẹ̀, ibi tó sì lè dé kò tó nǹkan lórí àwọn òkè yẹn. Ti ṣakabùlà, mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́ lọ́kàn. Àwọn ìbọn tí a ń ti ẹnu wọn rọ ẹ̀tù ní àsìkò tiwọn nínú oṣù kẹsàn-án, kí àsìkò ìbọn ìgbàlódé tó dé. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó .50 fún elk, ọta kan ṣoṣo ni kó yìn, kò gbọdọ̀ ní awò lórí, ẹ̀tù tí kì í rú èéfín kò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Àfọ́kù irin àti ìṣó tí àwọn bàbá wa máa ń rọ sínú tiwọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣe tọdún yìí ná, kí o tó ronú nípa ìyẹn.

Wàyí o, .300. Ọdún 1963 ló jáde. Ọta rẹ̀ tó jẹ́ 180 grain ń fi ẹnu ìbọn sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,960 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 3,500 foot-pound. .30-06, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1906, ń yin ọta tó wúwo bákan náà ní nǹkan bí 2,700, agbára rẹ̀ sì ń lọ sí 2,900. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, ó sì wúlò fún ẹni tó ń yìnbọn sí ẹran ní 450 yáàdì tó sì mọ bí a ti ń ṣe é. Ní 200 yáàdì, tí ọta bá gba ẹ̀dọ̀ fóóró, elk kò ní mọ èyí tí o yìn. Èjìká rẹ á mọ̀. Bí ìbọn méjèèjì bá wúwo bákan náà, .300 á gbá ọ ju .30-06 lọ dáadáa, á sì ju ìlọ́po méjì 6.5 Creedmoor lọ.

Àwọn ọkùnrin máa ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni pé akin ni ẹni tó bá fara da á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akin. Ara a máa kọ́ ohun tí a kò rán an. Bí ìbọn bá ń dun èèyàn, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í dì kí ìka tó fà á tán, èjìká á máa sún síwájú láti pàdé rẹ̀, ẹnu ìbọn á sì rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é kì í mọ̀, torí pé ariwo àti ìfò ìbọn bò ó mọ́lẹ̀. Bí wàá ṣe yẹ ara rẹ wò rèé: ra kátírììjì ìdánrawò tí kò ní ẹ̀tù nínú, èyí tí kò lè dún. Ní kí ẹlòmíràn máa bá ọ ki ìbọn, kó máa dà á pọ̀ mọ́ gidi láìjẹ́ kí o rí i. Nígbà tí o bá fa èyí tí kò dún, gbogbo ayé á rí ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ti ń ṣọdẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnu ìbọn wọn já sílẹ̀ gbọ̀ọ̀, tí wọ́n ní ìbọn náà ló bàjẹ́.

Ẹni kejì tó ní 6.5 Creedmoor ti tó, òun náà ní òtítọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí òtítọ́ náà parí sí. Kátírììjì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, 2007 ni iléeṣẹ́ Hornady gbé e jáde, àwọn tó ń yìnbọn sí pátákó láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ọta 143 grain rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú nǹkan bí 2,300 foot-pound, nígbà tó bá fi dé nǹkan bí 400 yáàdì, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,500. Ìwọ̀n 1,500 yẹn ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò gẹ́gẹ́ bí ààlà fún elk. Kì í ṣe òfin, kì í sì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àṣà àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni, kò sì burú. Obìnrin kan tí mo mọ̀, tí kò sanra rárá, ń fi 6.5 pa abo elk déédéé. Ṣùgbọ́n ó ń sún mọ́ ẹran, ó ń dúró kí ẹ̀gbẹ́ kọjú sí i, bí igun náà kò bá sì dára, ó ń fi í sílẹ̀. Tí ìwọ náà bá lè kó ara rẹ ní ìjánu bẹ́ẹ̀, rà á. Tí o bá mọ̀ pé ọwọ́ máa ń yá ọ, .308 tàbí .30-06 á fún ọ láyè díẹ̀ sí i.

Nínú méjèèjì, èwo? .308 jáde ní 1952, ó kúrú, ìbọn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, kì í sì í gbá èèyàn tó .30-06. .30-06 ń gbé ọta tó wúwo dáadáa ju òun lọ. Èyí tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ní owó tó dára ni kí o mú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àríyànjiyàn yẹn gba alẹ́ rẹ. Àǹfààní kan tó jọ méjèèjì ni pé tí o bá gbàgbé kátírììjì sílé, tí o wá rántí nígbà tí o dé ìlú kékeré bíi Meeker tàbí Craig, àwọn ló ṣeé ṣe jù kí o bá lórí àtẹ. .270 Winchester ti 1925 àti 7mm Remington Magnum ti 1962 dára pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ọ̀kan fún ọ ní owó pọ́ọ́kú, má kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì níbi iṣẹ́ rẹ kò tiẹ̀ dárúkọ ni èyí tó ṣe pàtàkì jù: ọta. Mo ń sọ nípa ọta fúnra rẹ̀, ohun tó ń fò jáde, kì í ṣe kátírììjì lódindi. Iṣẹ́ méjì ló ní, iṣẹ́ méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Ó gbọ́dọ̀ là, kí ihò rẹ̀ lè fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì dà. Ó sì gbọ́dọ̀ wọlé jìn. Bó bá tètè là jù, á fọ́ sí èjìká, kò ní dé ẹ̀dọ̀ fóóró. Bí kò bá là rárá, á gba ara ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba aṣọ, ẹran á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní 1946, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Nosler lọ dọdẹ moose, ìbátan elk tó tún tóbi jù ú lọ, ní British Columbia ní Kánádà. Ìbọn .300 H&H Magnum ló mú dání, ìbọn tó lágbára gan-an. Ẹrẹ̀ gbígbẹ bo ara moose tó rí, ọta sì ń fọ́ kí ó tó wọlé dé ibi tó yẹ. Nígbà tó délé, ó jókòó, ó sì ṣe ọta tuntun kan tí ògiri bàbà pín inú rẹ̀ sí méjì: òjé iwájú ń là, òjé ẹ̀yìn ń dúró gbọn-in, ó ń ti gbogbo rẹ̀ wọlé. Partition ni ó pè é, ó sì fi dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní 1948. Títí dòní ni wọ́n ń tà á. Kíyè sí i pé ìbọn ńlá ni ọkùnrin yìí gbé lọ. Ìbọn kọ́ ló já a kulẹ̀.

Ohun tí wàá bá lórí àtẹ lónìí kò ju oríṣi mẹ́rin lọ tí a bá yọ ariwo ìpolówó kúrò. Èyí tó rọjú jù ni òjé tí wọ́n fi bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bò. Core-Lokt ti Remington, tó ti wà láti 1939, wà lára wọn. Má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kò dára. Nínú .30-06 àti .308, tí wọn kì í sáré àsápajúdé, 180 grain rẹ̀ ṣì ń pa elk. Inú Magnum tó ń sáré ló ti máa ń fọ́, pàápàá bí ẹran bá wà nítòsí. Oríṣi kejì ni Partition tí mo ṣàlàyé. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní bonded, níbi tí wọ́n ti lẹ òjé mọ́ bàbà kí wọ́n má baà já ara wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà: AccuBond ti Nosler, Fusion àti Trophy Bonded Tip ti Federal. A-Frame ti Swift so ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta pọ̀, ó le gan-an, ó sì wọ́n. Ẹ̀kẹrin ni bàbà lódindi, láìsí òjé kankan nínú rẹ̀, bíi TSX àti TTSX ti Barnes tàbí CX ti Hornady.

Lórí ẹ̀kẹrin yìí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí òun ni èmi ń lò. Òjé máa ń tú sínú ẹran ní wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Tí wọ́n bá ya fọ́tò X-ray ẹran tí wọ́n fi ọta òjé pa, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àmì funfun ló máa ń wà yí ojú ihò náà ká, nígbà mìíràn wọ́n jìnnà sí i. Òjé kò dára fún ẹnikẹ́ni, kò sì dára rárá fún ọmọdé àti aláboyún. Ìfun tí a bá sì fi sílẹ̀ lórí òkè, ẹyẹ idì àti ẹyẹ ìwò ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Nítorí irú èyí ni California ṣe fòfin de ọta òjé fún gbogbo ọdẹ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2019. Colorado kò tíì fi dandan lé e fún elk, ìwọ ni wàá yàn. Bàbà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ọta rẹ̀ máa ń gùn: mú 150 tàbí 165 grain dípò 180. Ó sì nílò eré kí ó tó là. Bí eré rẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí abẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, má fọkàn tán an mọ́. Bó bá jẹ́ pé lábẹ́ 300 yáàdì ni o dúró sí, ìyẹn kò ní bá ọ nínú .30-06.

Fún ìwọ, mo máa ní bonded 165 tàbí 180 grain nínú .30-06, tàbí 165 nínú .308. Tó bá jẹ́ pé bàbà lo fẹ́, mo ti sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ra páálí mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra, wo èyí tí ìbọn rẹ fẹ́ràn, torí ìbọn méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà lè má fẹ́ ọta kan náà. Nígbà tí o bá rí i, ra púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Má fi ọta ológun tí wọ́n fi bàbà bò pátápátá yìn sí ẹran o. Ó rọjú, ó dára fún ìdánrawò, ṣùgbọ́n kì í là, òfin sì kọ̀ ọ́. Bákan náà ni àwọn tí wọ́n kọ match sí lára páálí. Pátákó ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Ìbọn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba àkókò wa púpọ̀. Bolt-action rọrùn láti fọ̀, kì í sì í dákú nínú òtútù bí èèyàn kò bá ti fi òróró bò ó jù. Ruger American, Savage 110, Howa láti Japan àti Tikka T3x láti Finland ni mo máa ń tọ́ka sí. O lè rí ọ̀kan nínú wọn ra láìná tó 1,000 dọ́là, gbogbo wọn ló sì ń yìn ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe lè yìn lọ. Ìdí oníke kò lẹ́wà bí onígi, ṣùgbọ́n kì í wú tí yìnyín bá bọ́ sí i. Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú awò orí rẹ̀, wà láàárín kílò 3.5 sí 4. Èyí tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ á gbá ọ, èyí tó wúwo jù ú lọ á di ẹrù nígbà tí o bá ń gun òkè ní ibi tó ga tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí èémí ti ń ṣọ̀wọ́n. Rántí pé bí Ọlọ́run bá ṣe é, ẹran á tún wà lẹ́yìn rẹ nígbà tí o bá ń bọ̀. Àwọn bàbá wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ẹni tó bá ti gbé itan elk lẹ́yìn gba inú yìnyín mọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an.

Awò tó ń sún ọ̀nà mọ́ni láti 3 dé 9 ti tó. Ná owó lórí awò ju bí o ti rò lọ, torí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni elk ń jáde, awò tí kò dára a sì máa ṣú nígbà yẹn. Má fi í wá ẹran, torí ibi tí awò orí ìbọn bá kọjú sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí, ó sì lè jẹ́ èèyàn ló ń bọ̀. Ra awò awọ̀nàjíjìn lọ́tọ̀. Òun náà ni wàá fi ka ẹ̀ka ìwo, torí ní ọ̀pọ̀ àgbègbè Colorado, akọ tí ìwo rẹ̀ kò bá ní ẹ̀ka mẹ́rin lápá kan, tàbí ẹ̀ka iwájú tó gùn tó íǹṣì 5, kò ṣeé pa. Òun ni wàá tún fi mọ̀ pé kì í ṣe moose lo ń wò. Lọ́dọọdún ni àwọn ọdẹ elk ń ṣèèṣì pa moose ní ìpínlẹ̀ yẹn: moose dúdú jù, imú rẹ̀ tóbi, kò sì ní ìdí ràkọ̀ràkọ̀ tí elk ní.

Tún ìbọn ṣe kó máa bà gan-an ní 200 yáàdì. Ọta 180 grain ti .30-06 á ti wálẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 8 ní 300, ní 400 ó ti ń lọ sí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní máìlì 10 ní wákàtí kan tún lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní íǹṣì mẹ́fà tàbí méje ní 300. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o dúró síbẹ̀. Tí o bá ti mọ̀ pé ìbọn bà, dìde kúrò lórí tábìlì. Kò sí tábìlì lórí òkè. Jókòó sílẹ̀, kúnlẹ̀, fi igi méjì tí o so pọ̀ gbé ìbọn dúró, sáré díẹ̀ kí àyà rẹ máa lù kíkíkí kí o tó yìn. Ní ìjókòó, ibi tí ọta rẹ kò bá ti lè máa wọ inú àwo oúnjẹ ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ parí sí, ì báà jẹ́ 150 yáàdì. Ibi ìyìnbọn wà ní Cherry Creek State Park lẹ́bàá Aurora, kò sí àwáwí.

Lọ́jọ́ náà, tí o bá yìn, tí elk ṣì dúró, tún un yìn. Ó lè ti kú lóòró, kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa pé òun náà ni o ń yìn, torí agbo ni wọ́n ń rìn, èyí tó o yìn lè ti ṣubú sínú koríko, kó jẹ́ ìkejì rẹ̀ ni o ń wò. Bó bá sá lọ, dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ìwé ńkọ́? Pẹ̀lú green card, o lè ra ìbọn. Wàá kọ ìwé 4473, wọ́n á yẹ orúkọ rẹ wò, wàá sì dúró ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e fún ọ, òfin Colorado láti oṣù kẹwàá 2023 nìyẹn. Nítorí náà má dúró di ọ̀la ìrìn àjò. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1949 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó ra ìwé àṣẹ, ṣe é báyìí. Ìwé àṣẹ láti pa elk ní àsìkò ìbọn kìíní, ìbò ni wọ́n fi ń pín in, ìforúkọsílẹ̀ sì ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Bí ìyẹn bá ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, wo àsìkò kejì àti ìkẹta, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àṣẹ akọ elk lórí àtẹ fún ọ̀pọ̀ àgbègbè. Ẹ̀wù àti fìlà aláwọ̀ ọsàn tàbí pínńkì tó ń tàn yòò jẹ́ dandan. Má sì gbé ìbọn tí kátírììjì ti wọ inú ọ̀pá rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ó ku ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú físà àlejò láàyè láti mú ìbọn tàbí ọta dání, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ì báà jẹ́ kí o kàn fún wọn dì mú kí o lè so okùn bàtà rẹ. Ọ̀kan nínú ohun tó yọ èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀ ni kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ìyẹn ni pé àwọn náà á ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì ra ìwé àṣẹ ní iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò, tó wọ́n ju tìrẹ lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìwọ̀lú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí àṣìṣe níbẹ̀ kì í ṣe ti owó ìtanràn nìkan.

Èyí tí mo rò pé ó sàn jù ni kí wọ́n tẹ̀lé ọ láìmú nǹkan kan ju awò awọ̀nàjíjìn lọ. Ẹni tó ti fi ojú wá ẹran láti kékeré á rí etí elk nínú igi kí ìwọ tó rí gbogbo ara rẹ̀. Wọ ẹ̀wù ọsàn fún wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi dandan lé ẹni tí kì í yìnbọn, ra bàtà òtútù tó bá ẹsẹ̀ wọn mu, kí wọ́n sì lo ọjọ́ mélòó kan ní Aurora kí ẹ tó gòkè. Ìgbòho kò ga bí ibẹ̀ rárá, ara wọn nílò àyè láti mọ atẹ́gùn yẹn. Tí orí bá ń fọ́ wọn tàbí tí èébì ń gbé wọn lẹ́yìn tí ẹ dé òkè, má ní kí wọ́n sùn ún mọ́jú, gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.